Ọjọ́ Tí Ithel Kọjá Wáyà Orí Garn Wen

Láti ẹnu ọ̀nà Ithel ní Blaengors dé ilé Tegwen ní Nantoer, bí ẹyẹ bá fò ó, kò ju máìlì mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín gba orí òkè á rin máìlì mọ́kànlá, nítorí irà ni ilẹ̀ wa lókè, èèyàn kì í rìn ín tààrà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní tirẹ̀ á rin máìlì mẹ́tàdínláàádọ́ta, torí títì ní láti yí gbogbo ìdí òkè po kó tó dé ìhà kejì. Ìyẹn ló fà á tí àwọn méjèèjì ò fi fẹ́ra wọn. Bí ẹnì kan bá sọ ìdí mìíràn fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Aládùúgbò mi ni Ithel. Oko àgùntàn tiwa àti tirẹ̀ ló jọ pààlà létí odò, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wọlé ọkọ ní àfonífojì yìí. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tí bí o bá kí i láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó rántí pé òun ò tíì dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣojú mi. Èyí tó kù, òun àti Tegwen ló sọ ọ́ fún mi, kálukú lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, àfi níbì kan péré.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí wáyà kankan lórí òkè. Àgùntàn ìhà tiwa àti àgùntàn ìhà tiwọn á jọ máa jẹ̀ lókè láti ìgbà ìrúwé. Kí òtútù tó dé, kálukú á kó tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á yẹ àmì etí wọn wò, èyí tó bá jẹ́ ti ará ìhà kejì, wọ́n á dà á lọ sídìí òkìtì òkúta tó wà lórí Garn Wen, ní Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹsàn-án. Ithel jẹ́ ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà tí bàbá rẹ̀ ní kó da mẹ́fà tó jẹ́ ti Nantoer lọ. Baba arúgbó ló rò pé òun máa bá níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló bá, tó wọ bàtà ọkùnrin, tó jókòó lórí òkúta, tó ń jẹ ápù.

"Mẹ́fà péré?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Bàbá mi ní méje ló sọnù."

"Mẹ́fà ni mo rí."

"Ẹ̀yin ará Blaengors ti fi ìkan se ọbẹ̀ nìyẹn."

"Ká ní ti Nantoer la fi sè é ni, ọbẹ̀ ọ̀hún ì bá má tilẹ̀ ní ọ̀rá. Egungun tó ń rìn lẹ́ ń sìn lọ́hùn-ún."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ápù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Ithel délé, bàbá rẹ̀ bi í pé, "Àwọn méjì tiwa tí wọ́n dà wá fún wa ńkọ́?" Ó ti gbàgbé méjèèjì sórí òkè. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ló tún gun òkè lọ. Àgùntàn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni kò sí níbẹ̀ mọ́, Ithel sì sọ fún mi pé orí òkè yẹn ò tíì tóbi lójú òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn. Wọ́n ń ríra lókè láwọn Ọjọ́ Àìkú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó di ọdún kẹta, Ithel ní kó wá sí Blaengors kí wọ́n jọ máa gbé. Tegwen ní, "Ta ni kí n fi bàbá mi tì? Ìwọ ni kó o wá sí Nantoer." Bàbá Ithel sì ti kú lọ́dún náà, ìyá rẹ̀ ò lè mí dáadáa lásìkò òtútù, kò sì bí ọmọ méjì. Wọ́n bá ní àwọn á ní sùúrù díẹ̀. Àmọ́ àwọn arúgbó ilẹ̀ wa kì í tètè lọ. Bàbá Tegwen lo ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ìyá Ithel lo mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, ó sì ń bú àwọn adìẹ títí di ọ̀sẹ̀ tó kú. Nígbà tí ilé méjèèjì fi máa dá, Ithel ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, kálukú wọn sì ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ tirẹ̀ bí igi.

Ọjọ́ ìsìnkú bàbá Tegwen, Ithel gba títì lọ, ó bá wọn kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá wọn jẹun nílé. Nígbà tó ń lọ, Tegwen sìn ín dé ẹnu géètì.

"Ithel, má wá síbí mọ́," ló wí. "Lókè ni ká ti máa ríra. Bó o bá ń wọlé tọ̀ mí wá tó o tún ń lọ, mi ò ní lè gbé inú ilé yìí mọ́."

Ithel ní òun gbọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tegwen pàápàá ò tíì dé Blaengors rí láyé rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló wá kù tí wọ́n ń ríra, ní Ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n bá ń pààrọ̀ àgùntàn tó ṣìnà.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni òkè fa wáyà gba orí rẹ̀ láti ìkangun kan dé ìkejì. Àgùntàn kan ò lè ṣìnà mọ́. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ fà á, Ithel gòkè lọ pẹ̀lú ajá rẹ̀ nìkan, ojú ń tì í. Ó bá Tegwen lódì kejì wáyà, òun náà ò da nǹkan kan wá.

"Mo ní kí n wá wò ó bóyá tìrẹ kan sọnù," ni Ithel wí.

"Èmi náà," ni Tegwen dá a lóhùn. "Kò sí èyí tó sọnù."

Wọ́n bá jókòó, wọ́n mu tíì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é látìgbà náà nìyẹn.

Ní ọdún tó kọjá, mo ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn adìẹ mi láago mẹ́fà àárọ̀ nígbà tí Ithel kọjá, ọ̀pá lọ́wọ́, àpò lẹ́yìn, ajá níwájú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí ojú ọjọ́ ni? Kùrukùru ti bo Bryn Du mọ́lẹ̀."

"Mo rí i, Mererid."

"Ẹ ò kúkú wọ mọ́tò lọ lọ́dún yìí."

"Mọ́tò wo ló ń gun Garn Wen?"

"Ẹsẹ̀ yín náà ò ní pẹ́ ṣíwọ́ gígùn ún."

"Ṣẹ́ẹ́," ló wí, ó wo orúnkún rẹ̀ nílẹ̀. "Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò tíì gbọ́."

Mo sáré wọlé, mo gbé ìdajì bara brith jáde fún un, búrẹ́dì eléso gbígbẹ tí mo máa ń ṣe ránṣẹ́ sí Tegwen lọ́dọọdún. Títí di ọjọ́ náà, mi ò tíì rí obìnrin náà sójú rí, ṣùgbọ́n ó máa ń ránṣẹ́ padà pé ṣúgà rẹ̀ kéré.

Bryn Du ni òkè àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀nà níbẹ̀. Ìdì koríko ló wà káàkiri bí orí àwọn arúgbó tí ò yarun, omi sì wà láàárín ìdì kan àti èkejì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á máa tẹ ibi tí ewéko ti pọ́n, ìyẹn gba èèyàn dúró. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀, tó dára lójú, òun ló ń gbé èèyàn mì. Níbòmíràn òjò ti gbẹ́ ilẹ̀ dúdú náà di kòtò tó ga ju orí èèyàn lọ, tí wàá rìn sínú rẹ̀ tí o ò ní rí nǹkan kan àfi ọ̀run. Ithel rin gbogbo rẹ̀ nínú kùrukùru, tó jẹ́ pé ìrù ajá funfun ló ń tẹ̀ lé.

Esgair Las ló tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ gùn, ó tẹ́, kò ní igi, kò ní òkúta, kò ní ilé. Ìgbà tó o bá rí i pé ò ń sọ̀kalẹ̀ lo tó mọ̀ pé o ti dé téńté rẹ̀ kọjá. Àwọn àlejò tó bá gba ibẹ̀ kì í fẹ́ padà síbẹ̀. Ithel fẹ́ràn rẹ̀ ju ibikíbi lọ, nítorí orí Esgair Las ló ti máa ń ro ohun tí kì í rò nílé. Ó sọ fún mi pé òun ní ọmọbìnrin kan níbẹ̀. Ọmọ tí wọn ò bí ni. Ọdọọdún ló ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà kan ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ń béèrè ìdí tí omi fi pupa. Nígbà kan ó bínú, ó ní òun fẹ́ lọ gbé ní ìlú ńlá. Lọ́dún tó kọjá yìí, ó ti lé ní ogójì, ó sì ń bá a wí lójú ọ̀nà pé, "Bàbá, kí lẹ wá ṣe lórí òkè nínú kùrukùru, ní ọjọ́ orí yín?"

"Mo fẹ́ lọ rí ìyá rẹ ni," ni Ithel máa ń dá a lóhùn.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ ló dé Garn Wen. Kùrukùru ká kúrò. Ó jókòó ti òkìtì òkúta, ó ń wo ìsàlẹ̀ ìhà kejì. Fìlà pupa ni Tegwen máa ń dé, láti jìnnà réré lo ti máa rí i tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò bí ẹyín iná. Ọ̀sán pọ́n. Lẹ́ẹ̀kan, ohun pupa kan mì nísàlẹ̀, Ithel dìde, ó ti ń juwọ́ sókè kó tó rí i pé àpò ọ̀rá lásán ni, tí afẹ́fẹ́ fi kọ́ wáyà. Tíì rẹ̀ tutù. Kò fọwọ́ kan bara brith. Aago kan lù, aago méjì lù. Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta, Tegwen ò tíì pẹ́ tó wákàtí kan rí.

Ithel dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá wáyà náà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, wáyà láàárín itan, ó ń rántí ohun tí wọ́n sọ fún un lẹ́nu géètì. Ó wá gbé ẹsẹ̀ kejì.

Ìhà ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Kò tíì rin máìlì kan tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fi wọlẹ̀ dé itan. Ó rọra dùbúlẹ̀ sórí ọ̀pá rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, ó ń fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ajá sì jókòó lórí ìdì koríko kan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀dẹ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kí ẹsẹ̀ tó jáde. Bàtà ò bá a jáde. Ó fi fìlà rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà, ó tiro lọ.

Tegwen wà ní kíṣìnì Nantoer, ó jókòó sójú fèrèsé, ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí àpótí, awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lórí itan rẹ̀. Siwan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn àwo, ó ń kó wọn sínú páálí. Ithel kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Irà dúdú bò ó láti ẹsẹ̀ dé ìbàdí.

"Bàtà rẹ dà?" Ohun tí Tegwen kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Ó wà nínú irà."

"Látìgbà tó o ti ń rin òkè yẹn, o ò tíì mọ ibi téèyàn ń tẹ̀?"

"Ìhà tiyín ló ya ọ̀dàlẹ̀."

"Mo ní kó o má wá síbí mọ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá gbé ọ wá?"

"O ò wá sókè."

Siwan ní òun fẹ́ lọ wá okùn. Okùn wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì jáde lọ.

Tegwen wá sọ ọ́. Eékún òun méjèèjì ti bàjẹ́ láti ìgbà òtútù. Láago mẹ́jọ àárọ̀ yẹn, òun yọ́ jáde kí Siwan tó mọ̀. Géètì kejì lòun dé, ẹsẹ̀ ò lọ mọ́. Òun jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀, òun ń wo Garn Wen, títí Siwan fi gbé alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá kó òun bí ìdì koríko. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń kó lọ sí ìlú etí òkun, sí yàrá méjì kan tí kò ní àtẹ̀gùn. Siwan àti ọkọ rẹ̀ ló máa jogún àgùntàn.

"O ò kọ̀wé sí mi."

"Mo kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. 'Ithel, mi ò ní lè wá sókè mọ́.' Bí mo bá ti wò ó, màá fà á ya. Mo ní bí mi ò bá fi ránṣẹ́, bóyá kò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Mo rò pé o ti kú."

"Ká ní mo kú, ṣé Siwan ò ní pè ọ́ lórí fóònù ni? Yé sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Jókòó. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ilé ń rùn."

Ithel wọ bàtà bàbá Tegwen, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́gí. Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti ànàmọ́. Tegwen tọ́ bara brith wò, ó ní ṣúgà rẹ̀ ṣì kéré. Ọjọ́ ti ń rọ̀, Ithel ò sì lè fi alẹ́ gba orí òkè padà, Siwan bá ní òun á fi mọ́tò gbé e lọ. Bó ṣe mú kọ́kọ́rọ́ báyìí, Tegwen ti di ọ̀pá mú, ó ti nàró.

"Màá bá yín lọ."

"Àǹtí, ẹ mọ bó ṣe jìn tó?"

"Èmi lo ń bi léèrè bó ṣe jìn tó?"

Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn, ajá wà láàárín wọn. Títì yí òkè po, òkè sì wà lápá òsì wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú fèrèsé kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

"Wo Esgair Las lọ́hùn-ún," ni Ithel wí.

"Irọ́. Bryn Du nìyẹn."

"Bryn Du kọ́."

"Siwan, kí nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ o. Láti ìsàlẹ̀ yìí, bákan náà ni gbogbo wọn rí."

Kò sí èyí tó dá ọ̀kan mọ̀ nínú àwọn òkè tí wọ́n ti ń rìn látìgbà èwe wọn.

Mo rí iná mọ́tò ní Blaengors, ọkàn mi sì fò, nítorí Ithel ò ní àlejò. Mo kó ẹyin mẹ́fà sínú abọ́ kí n lè ní ohun tí mo wá ṣe, mo lọ. Bí mo ṣe wọlé ni mo rí obìnrin kékeré kan tó dé fìlà pupa. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó tiro lọ tààrà sídìí kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ iná, ó ṣí i, ó mú ife mẹ́rin láti pẹpẹ kejì.

"Màmá, ta ló sọ fún yín pé ibẹ̀ ni wọ́n wà?" ni mo bi í.

"Ithel náà ni," ló wí. "Ọdún kìíní. Gbogbo ilé yìí ló ti sọ fún mi. Ìwọ ni Mererid? Ṣúgà kún un." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí fèrèsé, ó sì dúró. "Ithel, o ò sọ fún mi pé igi wà níwájú fèrèsé."

"Nígbà tí mo sọ fún ọ, kò tíì sí níbẹ̀."

"Ìgbà wo lo gbìn ín?"

"Ọdún tó o ní rárá."

Igi eléso pupa náà ti ga ju òrùlé lọ. Tegwen wò ó títí, ó wá jókòó sórí àga ìyá Ithel, ó sì fọwọ́ pa apá àga náà.

"Dúró," ni Ithel wí.

"Kí n sùn síbo? Orí àtẹ̀gùn?"

"Màá gbé ibùsùn sọ̀kalẹ̀."

"Wọ́n á gbé mi wọlé bí aláìsàn, wọ́n á gbé mi jáde bí òkú." Ó mi orí. "Ẹsẹ̀ mi ló yẹ kí n fi rìn wọ ilé yìí, Ithel, nígbà tí mo ní ẹsẹ̀. Mi ò rìn ín. Má jẹ́ kí n wá jẹ ohun tí mi ò gbìn."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wọn ò ti bára mu. Ithel ní ó sunkún. Tegwen ní ooru kẹ́tùlù ló ta sí òun lójú. Èmi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù ni mo tẹjú mọ́.

Ó lo wákàtí kan, ó fọ ife tó fi mu tíì, ó dá a padà sórí pẹpẹ kejì. Ithel dúró lójú títì títí iná mọ́tò fi wọ ẹ̀yìn òkè.

Tegwen ti kó lọ sí ìlú etí òkun báyìí. Gbogbo Ọjọ́ Ẹtì ni Ithel ń wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ bá a. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì létí òkun, wọ́n á jẹ ẹja díndín. Mo bi í bí òkun ṣe rí, ó ní ó tẹ́jú jù, kò sí ibi téèyàn lè gbé ojú lé. Ó ní Tegwen ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun ju ọ̀rọ̀ òkè lọ. Níbo ni afẹ́fẹ́ ti fẹ́? Ṣé àwọn ẹyẹ tó ń súfèé ti padà sórí Esgair Las? Ṣé omi ti ya lọ́nà Bryn Du? Nítorí ìyẹn, Ọjọ́bọ̀ kì í bá Ithel nílé mọ́. Á gun òkè dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e dé, kó má baà di pé irọ́ ló máa pa fún un lọ́jọ́ kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá a níbùdókọ̀, ó wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò jáàmù kan tó kún fún omi pupa àti ewéko rírin. Àwọn ọmọ iléèwé ń wò ó, wọ́n ń ti ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn?"

"Irà ni," ni Ithel wí. "Ó ní òun fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀."

Bọ́ọ̀sì dé. Ó rọra gòkè wọnú rẹ̀, kó má baà da omi náà nù.